Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Ẹni Iyì Mẹ́rin

Àwọn tó wà níbẹ̀ ní Sátidé ọjọ́ náà nìyí, kí ẹnikẹ́ni má baà dìde lọ́la kó ní òun kò sí nílé. Reuben Ọlábánjí wà níbẹ̀, Olórí Ẹbí Ọlábánjí, Alága Ẹgbẹ́ Onílé àdúgbò wọn ní Ajégúnlẹ̀, Alága Ìgbìmọ̀ Ìmọ́tótó, àti Alága Ìgbìmọ̀ tó ń yan Alága. Ó jókòó lórí àga méjì tí wọ́n gbé léra wọn, kí orí rẹ̀ lè ga ju orí gbogbo ayé lọ. Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó sì ń tòògbé. Ganiyat aránṣọ wà níbẹ̀, ayálégbé láti ọgbọ̀n ọdún, òun àti Mansur ọmọ rẹ̀ àti àwọn àbúrò Mansur. Ṣàfíù onítírélà wà níbẹ̀. Ó ti fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí tò, níbi tí tírélà ń tò sí láti wọ èbúté, ní Ìjọra láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní kí òun wá wẹ̀. Akpevwe nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀. Àwọn ìdílé tó wà ní yàrá ẹ̀yìn wà níbẹ̀, láti ọ̀dọ̀ Ebinimi dé ọ̀dọ̀ Ṣayọ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lẹ́sẹ̀. Ewúrẹ́ Ganiyat náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Òun nìkan ni kò sọ ìsọkúsọ lọ́jọ́ náà.

Morádéún sì wà níbẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, àbúrò bàbá Reuben. Yàrá kejì lápá ọ̀tún ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, tí òun sì padà sílé bàbá rẹ̀, ó ti sọ fún gbogbo ẹni tó létí pé inú yàrá yẹn ni wọn yóò ti gbé òun jáde, ẹsẹ̀ ni yóò sì ṣáájú.

Ohun tó kó wọn jọ ni ìwé pupa kan tí wolé-wolé lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn àbáwọlé. Ṣáláńgá ilé náà, tí bàbá Reuben gbẹ́ nígbà tí ilé ṣì jẹ́ yàrá mẹ́fà, ti kún. Kò kún lásán, ó ti ń rìn. Ó ti ń yọ́ lọ sí ọ̀nà kànga. Wolé-wolé náà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tinú, tí kì í rẹ́rìn-ín tí kì í sì í gba mínírà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n ní. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó bá òfin mu kò bá sí níbẹ̀ nígbà náà, wọn yóò ti ilé náà pa, kálukú yóò sì di ẹrù rẹ̀.

Morádéún ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti fi ìka tọ ìlà tó sọ pé “kálukú”. Ó wá lọ wo bẹ́ẹ̀dì onírin ìyá rẹ̀, tí wọn kò lè gbé gba ẹnu ìlẹ̀kùn láìtú u. Níbo ni arúgbó ń di bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ lọ?

Reuben wúkọ́. Ẹ má gbàgbé pé bí ọkùnrin yìí bá ti wúkọ́, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀yin ará ilé mi, àti ẹ̀yin ayálégbé tí mo fi àánú gbà sílé! Ní àkókò yìí tí gbogbo Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ń wo ojú mi bí ẹni ń wo aago, n kò ní já yín kulẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Warehouse Road lẹ́nu èbúté. Kò sí ẹrù kan tó wọ orílẹ̀-èdè yìí tí n kò lu òǹtẹ̀ sí! Ẹni tó ti bójú tó kọ̀ǹténà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí ni ìgbọ̀nsẹ̀ lójú ẹ̀?”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìwé tí awakọ̀ ń mú jáde lẹ́nu géètì ni Reuben ń lu òǹtẹ̀ sí, kò rí inú kọ̀ǹténà kan rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé òǹtẹ̀ náà dání wálé, pẹ̀lú tàdáwà rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ohun tí kò lù ú sí. Ó ti lù ú sí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ó ti lù ú sí iṣu.

Òfin kan tún wà nínú ìpàdé rẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí Alága. Ṣàfíù ló dá ìkíni náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tí inú ń bí i, Reuben sì rò pé oríkì ni.

“Alága,” ni Ganiyat wí, “kí ẹ̀mí yín gùn bíi tò tírélà Àpápá.”

“Àṣẹ,” ni Reuben dáhùn, ó mi orí.

“Ìyá àgbà ti mú ẹnì kan wá tó lè ṣe é. Ó ń dúró níta.”

Òótọ́ ni. Morádéún kò jókòó de ìpàdé. Láti ọjọ́ tí ìwé pupa ti dé ni ó ti gbé ọ̀pá rẹ̀, ó sì ti rìn yí Ajégúnlẹ̀ ká. Kò bi àwọn onílé léèrè, nítorí onílé kì í gbọ́ òórùn ilé ara rẹ̀. Àwọn ayálégbé ló bi, pàápàá àwọn obìnrin tó ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé: “Ta ló ṣe tiyín? Bí òjò bá rọ̀, báwo ló ṣe ń ṣe? Ẹni tó ṣe é, ṣé ó padà wá wò ó, àbí wọn kò rí i mọ́?” Ilé mẹ́ta ló ti gbọ́ orúkọ kan náà: Godfrey. Ó dé ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dúró létí ibẹ̀, ó fi imú rẹ̀ ṣe wolé-wolé. Kò gbọ́ nǹkan kan àfi òórùn ẹja tí wọ́n ń dín.

Godfrey wọlé pẹ̀lú bàtà òjò àti ọ̀pá irin kan. Wọ́n fún un ní àga, ó ní kò yẹ kí òun fi ṣòkòtò iṣẹ́ ba àga jẹ́. Ó béèrè kànga. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ibẹ̀ dé ibi ṣáláńgá, ó mi orí bí ẹni gbọ́ ìròyìn òfò. Ó gbẹ́ ihò kékeré kan tí kò jìn ju ìgúnpá lọ, ó sì kúnlẹ̀ tì í, ó ń wò ó. Àwọn kan rò pé ó ń gbàdúrà. Títílọpẹ́ tilẹ̀ ṣe “Àmín.” Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun sínú ihò náà.

“Màmá, ẹ wá wò ó, abeg,” ni Godfrey wí. “Omi ilẹ̀ yín wà nítòsí. Bí a bá gbẹ́ sókàwé síbí pé kí omi ìdọ̀tí máa rì sínú ilẹ̀, kò ní ríbi rì sí. E go just dey look una face. Sókè ilẹ̀ la máa kọ́ ọ sí, lọ́nà ibẹ̀ yẹn tó jìnnà sí kànga, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì, kó wúwo dáadáa.” Ó dìde, ó nu ọwọ́, ó kọjú sí Reuben. “Ọ̀gá, ó ku ìbéèrè kan. Èèyàn mélòó ló ń gbé inú ilé yìí?”

Reuben sọ̀ kalẹ̀ látorí àga méjèèjì. Ìyẹn gba àkókò díẹ̀.

“Kí lo wí? Ìwọ ọkùnrin yìí, kí lo sọ níwájú mi? A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ! O fẹ́ kà wá! Ṣé ewúrẹ́ la jẹ́? O fẹ́ kà wá tán kí o wá lọ mú ẹnì kan nínú wa!”

“Ọ̀gá, ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo fẹ́ kà. Ìgbẹ́ yín ni mo fẹ́ kà.”

Mansur bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu, ó sì yíjú sẹ́yìn kí òun náà lè ríbi rẹ́rìn-ín.

“Níwájú mi!” Ohùn Reuben ti lọ sókè bí ohùn obìnrin. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àlejò kan dárúkọ nǹkan kan níwájú Alága! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ nǹkan náà mọ́ nínú ìpàdé wa!”

“Reuben,” ni Morádéún wí. Kò kí Alága o, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀. “Nǹkan tó dárúkọ yẹn ni mo fi odidi ọdún méjì fọ̀ kúrò ní ìdí rẹ. Ẹni ṣu ní í gbàgbé, ẹni kó o kì í gbàgbé.”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́! Ipò mi ńkọ́?”

“Ìdí tí mo fọ̀ náà lo fi jókòó sípò.”

Ṣùgbọ́n Reuben ti lu òǹtẹ̀ sórí ìwé tí Godfrey kọ ìwọ̀n ilẹ̀ náà sí, ó ti kọ “A KỌ̀ Ọ́” sí i. Godfrey kò bínú. Ó dí ihò tó gbẹ́, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ kó le. Bó ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ Morádéún, ó ní, “Màmá, no wahala. Ẹni tí ẹ bá gbà síṣẹ́, tí kò bá bi yín ní ìbéèrè yẹn, ẹ bi òun pé ta ló ń kọ́ ọ fún.”

Lọ́jọ́ Ajé, Ẹnjiníà Martins, tí Reuben ránṣẹ́ pè, dé láti Warehouse Road.

Ọkọ̀ dúdú ló gbé e wá. Ó wọ kóòtù, ó de táì, ó sì dé akoto funfun kan tí búlọ́ọ̀kù kò súnmọ́ rí láyé rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Ìtura Ọba. Ó mú ìwé kan dání tó ń dán bí ojú ìyàwó tuntun, gbogbo àwòrán inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí èèyàn lè jẹun nínú wọn. Kò wo kànga. Kò wo ilẹ̀. Ojú Reuben nìkan ló wò.

“Alága,” ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú kóòtù, “mo ti ń gbọ́ okìkí yín. Ní Warehouse Road títí di òní, bí ẹnì kan bá gbé òǹtẹ̀, wọn a ní, ‘Rọra, ṣé ìwọ ni Ọlábánjí?’”

“Wọ́n ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀?” ni Reuben wí. Omi ti fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

“Ojoojúmọ́, sà! Ẹni bíi tiyín kò gbọdọ̀ lo búlọ́ọ̀kù. Tánkì òde òní la máa rì sílẹ̀ fún yín. Kékeré ni, ó dùn ún wò. Ẹni iyì kì í sì í ṣe púpọ̀, sà. Àwọn aláìní ló ń ṣe púpọ̀. Ìwádìí ti wà lórí rẹ̀ lókè òkun.”

Reuben rántí ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje. Síbẹ̀ ó mi orí, nítorí ó ní ohun tí ìwádìí òkè òkun mọ̀ tí ara ẹni kò mọ̀.

“Ọmọ mi,” ni Morádéún wí láti orí àpótí rẹ̀, “ilé ta lo ti ṣe é rí, kí n lọ bi wọ́n?”

“Màmá, àwọn oníbàárà wa kì í fẹ́ ká dárúkọ àwọn. Èèyàn ńláńlá ni wọ́n.”

“Èèyàn ńláńlá kì í lọ sí ṣáláńgá?”

“Wọ́n ń lọ, Màmá. Ní ìkọ̀kọ̀ ni.”

“Bí ẹ bá sì gbọ́n ọn, níbo lẹ máa ń dà á sí?”

Ẹnjiníà Martins na ọwọ́ síwájú, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ọwọ́ náà sì dúró díẹ̀ níbi tó kọjú sí kànáà, ojú omi ìdọ̀tí àdúgbò. “Ọ̀nà jíjìn, Màmá.”

“Àǹtí!” ni Reuben ké. “A kì í da ìbéèrè bo àlejò pàtàkì!”

Wọ́n gbé ìwé àdéhùn kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí yìí ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, kì í ṣe ibi tí ẹ rò. Àlàfo kan wà nínú ìwé náà tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ pé: Iye àwọn tí yóò máa lò ó. Martins fẹ́ fò ó. Reuben ni kò gbà, torí ó ti pẹ́ tó ti rí àlàfo tó ń dúró de bírò rẹ̀. Ó ronú. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, nítorí náà kò lè ka ti Ganiyat, kò lè ka ti àwọn yàrá ẹ̀yìn. Ayálégbé kì í ṣe ẹni iyì. Àǹtí Morádéún ti darúgbó, arúgbó kì í jẹun. Ó ku òun fúnra rẹ̀, ó ku Títílọpẹ́, ó ku ọmọkùnrin òun méjèèjì tí wọ́n wà ní Kánádà, tí ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ kò lè dé Ajégúnlẹ̀ láéláé. Ó fi bírò aláwọ̀ ewé kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹni iyì mẹ́rin. Ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta fún ẹwà.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é. Tánkì náà dé, rọ́bà dúdú ni, ọkùnrin kan ṣoṣo ló sì rù ú wọlé, ó ń fi ọwọ́ kan tẹ fóònù. Morádéún wò ó títí.

“Ganiyat, ohun tí ọkùnrin kan rù, ṣé òun ló máa ru gbogbo wa?”

“Ìyá àgbà, ẹ má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mò ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́.”

Wọ́n rì í sílẹ̀, wọ́n da iyanrìn lé e. Wọ́n kọ́ ilé kékeré kan sórí rẹ̀ pẹ̀lú táìsì funfun tó ń dán lára ògiri, wọ́n sì tẹ́ òkúta mábù síwájú rẹ̀: RẸ̀UBẸ̀N ỌLÁBÁNJÍ LÓ ṢE ÈYÍ. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò mọ orúkọ náà kọ, ṣùgbọ́n Reuben ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó ní ó jọ èdè Látìn-ín.

Ìṣílé ńkọ́? Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wé èbúté Àpápá: “Ohun tó bá wọlé níhìn-ín, àṣẹ ló wọlé, ohun tó bá jáde, àṣẹ ló jáde!” Ó gé ríbọ́ọ̀nù. Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn, gbogbo ilé sì dúró níta nínú oòrùn, wọ́n ń dúró de Alága. Ó jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń retí pé yóò bú gbàù, ẹ rọra o. Ó ṣiṣẹ́. Omi lọ dáadáa. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ṣiṣẹ́, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni mẹ́rin, bí gbogbo ilé bá lò ó, ọjọ́ mẹ́ta ni í tó.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó kún dé ọrùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, Reuben lẹ ìwé àṣẹ mọ́ ògiri. Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun jẹ́ ti Olórí Ẹbí. Ọjọ́rú jẹ́ ti apá ọ̀tún, Ọjọ́bọ̀ ti apá òsì, ọjọ́ Ẹtì ti àwọn yàrá ẹ̀yìn, kí wọ́n sì yára. Kálukú gbọ́dọ̀ gba ìwé tó ní òǹtẹ̀ kó tó wọlé.

“Alága, kí ẹ̀mí yín gùn bíi tò tírélà,” ni Ṣàfíù wí, “ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń ráyè wálé. Apá òsì ni yàrá mi.”

“Kí o kọ ìwé ẹ̀bẹ̀.”

“Inú mi kò mọ̀wé, sà.”

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni ẹ̀wà ṣe Morádéún bákan. Ó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Reuben dìde sí i ní ẹnu ọ̀nà ilé táìsì náà.

“Àǹtí, Ọjọ́rú ni tiyín.”

“Inú mi ní òní ni.”

“Òfin ni òfin, Àǹtí. Àfi kí n fún yín ní ìwé àṣẹ pàtàkì.” Ó jókòó, ó kọ ọ́, ó gùn, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ. Morádéún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó mú un wọlé. Nígbà tó jáde, Reuben ní kó dá ìwé náà padà kí òun fi pamọ́.

“Mo ti rí i lò,” ni Morádéún wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún, àwọn ọmọ iṣẹ́ Martins gbé ọkọ̀ agbépóò wá. Reuben ti bẹ Martins pé kó gbọ́n tánkì náà gbẹ féú, kí Tinú lè bá a ní mímọ́. Wọ́n gbọ́n ọn tán, wọ́n lọ. Bí wọ́n ṣe lọ ni òjò dé, irú òjò Ajégúnlẹ̀ yẹn tí kì í ti òkè nìkan wá, tí ìsàlẹ̀ náà máa ń rọ̀. Omi kún ilẹ̀. Nígbà tí Tinú dé pẹ̀lú agbòjò rẹ̀, ọwọ́ òjò ti ń dẹ̀, Reuben sì ti de táì, ó dúró létí òkúta mábù rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ ojú ìwé mẹ́rin.

Kò tíì parí ojú ìwé kìn-ín-ní tí ilẹ̀ fi mí.

Ẹ mọ̀ bí agolo òfìfo ṣe ń ṣe bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ rì sínú bàsíà omi tó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Tánkì tó ṣófo, tó fúyẹ́, tí kò sí sìmẹ́ńtì kan tó dì í mú, dìde. Ó gbé iyanrìn. Ó gbé òkúta mábù. Ògiri ilé táìsì là gbàràgàdà, tánkì dúdú náà sì yọ orí láàárín ẹrẹ̀ bí erinmi tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, tòun ti RẸ̀UBẸ̀N ỌLÁBÁNJÍ lórí rẹ̀ bí fìlà tí wọ́n gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ewúrẹ́ nìkan ló ké.

Reuben pe Martins lórí fóònù. Gbogbo wọn gbọ́ ohùn rẹ̀. “Alága mi! Ṣé ẹni mẹ́rin tí ẹ kọ ló lò ó? Ẹ ka ìwé yín, òǹtẹ̀ yín wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.” Fóònù kú. Títí di òní, kò tíì jí.

Tinú mú ìwé àdéhùn náà, ó kà á, ó wo Reuben. “Alága, èèyàn mélòó ló ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí? Bó bá jẹ́ mẹ́rin lóòótọ́, ẹ̀bi ẹni tó ṣe é ni. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ kọ irọ́ sínú ìwé, ọwọ́ yín ni mo sì máa fi ìwé ìtìlẹ̀kùn lé.”

Ẹ wo ibi tí òǹtẹ̀ mú ọkùnrin dé. Reuben wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Mẹ́rin ni wá,” ló wí.

“Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?” Tinú na ọwọ́ sí àwọn tó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹja inú agbọ̀n.

“Àlejò ni wọ́n.”

Morádéún gbọ́ ọ. Ó ti rò pé ìwé pupa ni yóò lé òun jáde nílé bàbá òun. Kò mọ̀ pé ẹnu ọmọ tí òun pọ̀n ni. Ó fi ọ̀pá tì, ó dìde.

“Àlejò ni mí, Reuben? Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí?”

“Àǹtí, ẹ gbà mí… ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ó dáa. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, tí ìwọ sì jẹ́ olórí, a yọ orí kúrò, ó ku mẹ́ta. Méjì nínú wọn wà ní Kánádà. Olórí ẹni mẹ́ta ni ọ́, Reuben. Olórí ẹni mẹ́ta kì í jókòó lórí àga méjì.”

Ṣàfíù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Olórí Ẹni Mẹ́ta! Kí ẹ̀mí yín gùn bíi tò tírélà!” Àwọn ọmọ gbà á, wọ́n fi ń jó nínú omi. Nígbà tí òjò fi dá, orúkọ náà ti rékọjá òpópónà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í mú ìwé pupa kúrò lára ìlẹ̀kùn. Tinú ti fa bírò yọ. Morádéún bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ní kí Mansur sáré lọ pe Godfrey. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó gbé abọ́ tánganran kan jáde pẹ̀lú ẹ̀wà olóyin nínú ike, ó sì jókòó sórí àpótí níwájú gbogbo wọn.

“A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, òótọ́ ni,” ló wí. “Ṣùgbọ́n a máa ń pè wọ́n lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká ka ẹ̀wà.”

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Kò mú ìwé dání. “Ganiyat.” Ẹ̀wà kan, kíọ́. “Mansur.” Kíọ́. Ó pe àwọn àbúrò Mansur lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó wà nílé ìwé ní Ìṣẹ́yìn tó máa ń wálé nígbà ìsinmi. Ó pe Ṣàfíù. Ó pe Akpevwe, ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì pe orúkọ wọn ní Urhobo láìṣì í pè. Ó pe Ebinimi àti ilé rẹ̀, Ṣayọ̀ àti ilé rẹ̀, ó ń dárúkọ ọmọ àti ìyá ọmọ. Godfrey ti dé, ó dúró nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà òjò rẹ̀. “Títílọpẹ́.” Kíọ́. “Èmi Morádéún.” Kíọ́. Ó yọ ẹ̀wà kan sáàárín ìka méjì.

“Reuben, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Àjọkẹ́ ìyàwó rẹ̀.” Kíọ́.

Reuben wo ilẹ̀.

“Màmá,” ni Godfrey wí, “ẹ fi méjì sí ti ọ̀gá yẹn. Mo ti gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.”

Tinú, tí kì í rẹ́rìn-ín, fi agbòjò bo ojú. Nígbà tó gbé e kúrò, ó ní kí wọ́n ka ẹ̀wà. Ẹ̀wà náà jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta. Ẹ̀wà ni wọ́n kà o, wọn kò ka èèyàn. Godfrey kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, Tinú sì kọ ọjọ́ mẹ́wàá sí abẹ́ ìwé pupa náà. Ó ní ti ìwé tí Reuben bu ọwọ́ lù, àwọn yóò pè é lọ́ọ́fíìsì wá ṣàlàyé irọ́ inú rẹ̀.

Godfrey kò fi táìsì sí ohunkóhun. Ó kọ́ ọ sókè ilẹ̀ bó ṣe wí, ó pín inú rẹ̀ sí mẹ́ta, ó rọ omi kún un, ó sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jò. Ó fi ọmọrí kan sílẹ̀ lórí rẹ̀ tí wọ́n lè ṣí wò. Nígbà tó gbọ́n ṣáláńgá àtijọ́, ó mú ìwé wá láti ibi tí ìjọba ní kí wọ́n máa dà á sí, ó fi han Morádéún láìjẹ́ pé ó béèrè. Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé e kò tíì dá tí ó fi yọjú ní géètì. Ó ní òun kàn ní kí òun wá wò ó. Tinú fi èékánná rẹ̀ ha ìwé pupa kúrò lára ìlẹ̀kùn, Morádéún sì sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà lórí bẹ́ẹ̀dì onírin ìyá rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Reuben pe ìpàdé ní Sátidé láti jíròrò lórí àbùkù tí wọ́n fi kan ipò Alága. Ó to àga méjì. Aago mẹ́wàá lù. Gbogbo wọn wà nílé, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Ganiyat, ó ń gbọ́ rédíò Ṣàfíù. Ó rán Títílọpẹ́ sí wọn. Ó padà wá, ó ní wọ́n ní àlejò ni àwọn, àlejò kì í wọ ìpàdé ẹbí. Títílọpẹ́ jókòó tì í díẹ̀, ó fẹ́ abẹ̀bẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rántí pé omi wà lórí iná.

Ó wá ku Alága nìkan, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti inú tó ń kùn. Ó fara dà á títí. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ látorí àga méjèèjì, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Tò wà níbẹ̀. Mansur wà níwájú, àbúrò Mansur tẹ̀lé e, lẹ́yìn wọn ni ìyá ọkọ Akpevwe. Reuben wúkọ́. Kò sẹ́ni tó yíjú.

Ó tò.

Ìwọ Olúwafikáyọ̀mi, ayálégbé wa tuntun tó ń gbọ́ ìtàn yìí, tí ìyàwó rẹ bí ọmọbìnrin ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá: ìlédìí ló ń ṣe é sí nísinsìnyí, ṣùgbọ́n yóò dàgbà. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ lórúkọ tán, kí o tó bọ́ aṣọ ìkómọ kúrò lọ́rùn, lọ sọ́dọ̀ Godfrey, kí o sì pe orúkọ ọmọ náà sí i létí, kó lè fi ẹ̀wà kan kún mẹ́tàléláàádọ́ta.